Ọ̀rọ̀ Aṣínà Ẹlòmíràn Lọ́wọ́ Wa

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn ló pè mí lórí fóònù. Àgbàlagbà ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, wá bá wa wo ojú ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbà wọlé láti wo iye owó tí wọ́n ti dá. Ọmọ tó ṣe é fún wa ti rìnrìn àjò, àwọn kan sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn kò wọlé rárá." Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, mo ń bọ̀.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣí dátábéèsì wọn, mo sì tẹ àtẹ tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí. Ohun tí mo rí mú kí n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ṣèèṣì já wọ yàrá tí ẹlòmíràn ti ń wọṣọ. Orúkọ wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù, wà lápá ọ̀tún, gbangba, tẹ́nikẹ́ni lè kà. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀, ẹsẹ Sáàmù kan náà wà níbẹ̀ tí wọ́n gé láàárín. Akọ̀wé dúró lẹ́yìn mi, wọ́n na ọrùn, wọ́n rí tiwọn. "Háà! Òun náà ni mo fi ń ṣí íméèlì mi o."

Ohun tí bàbá yẹn sọ ni gbogbo àgbéyẹ̀wò yìí dúró lé. Ẹni tó ń kọ ojú ìwé ìwọlé fún ẹgbẹ́ kékeré, fún ilé ìwé, fún ìjọ, sábà máa ń rò pé ohun kékeré ni òun ń ṣọ́. Kí ni olè fẹ́ wá ṣe nílé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù? Àmọ́ àwọn ènìyàn kì í ní ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun fún gbogbo ibi tí wọ́n bá dé. Èyí tí wọ́n fi ń ṣí íméèlì àti báńkì ni wọ́n ń gbé lé wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹrù tó wà lórí ojú ìwé kékeré kò fúyẹ́ ju ti báńkì lọ.

Ìbéèrè tí ojú ìwé ìwọlé ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ìwọ lẹni tí o pe ara rẹ? Bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn lóru, a ó ní "Ta nìyẹn?", ohùn tó bá fi dáhùn la ó fi dá a mọ̀. Sáfà kò mọ ohùn ẹnikẹ́ni. Orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló ní. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ PHP àti MySQL, kóòdù á gba ọ̀rọ̀ méjèèjì, á so wọ́n mọ́ gbólóhùn SQL kan, á sì ní kí dátábéèsì wá ìlà tí orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ bá ohun tí àlejò kọ mu. Bí ìlà bá jáde, ilẹ̀kùn ṣí. Ó rọrùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lójú ẹni tó kọ ọ́. Àṣìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan nínú méjèèjì sì tó láti tú ilé.

Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ àlejò ti wọnú àṣẹ onílé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ rán ọmọ sí ìyálé nínú àgbàlá pé kó lọ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ bi àlejò lórúkọ, àlejò fèsì pé, "Àdìó, ẹ sì kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún un." Bí ọmọ bá jíṣẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, ìyálé kò ní mọ ibi tí orúkọ parí sí tí àṣẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni SQL rí. Kọ́mà tí a gbé sókè ni wọ́n fi ń ṣọgbà yí ọ̀rọ̀ ká níbẹ̀. Bí àlejò bá kọ ' OR '1'='1 sí àyè ọ̀rọ̀ aṣínà, kọ́mà àkọ́kọ́ ti já ọgbà, ìyókù sì di ara àṣẹ pé: tàbí kí 1 jẹ́ 1. Ìgbà wo ni 1 kì í jẹ́ 1? Dátábéèsì á kó gbogbo ìlà jáde, kóòdù á mú èyí tó ṣíwájú, èyí tó ṣíwájú sì sábà máa ń jẹ́ ti alábòójútó, nítorí orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán ojú ìwé wò.

Ọgbọ́n olè yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni Jeff Forristal, tó ń pe ara rẹ̀ ní rain.forest.puppy, ti kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Phrack. Ọdún 11 lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá 2009, ihò yìí kan náà ni olè gbà wọ ilé iṣẹ́ RockYou ní Amẹ́ríkà, ó sì bá ọ̀rọ̀ aṣínà mílíọ̀nù 32 níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bò. Àwọn tó yẹ̀ wọ́n wò rí i pé ènìyàn tó lé ní 290,000 ló ń lo 123456. Àtòjọ RockYou ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní, òun sì ni ọ̀pọ̀ olè máa ń kọ́kọ́ gbé lọ́wọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dán ilẹ̀kùn ẹlòmíràn wò.

Oògùn rẹ̀ kò le. A ó kọ́kọ́ fi àṣẹ ránṣẹ́ sí dátábéèsì pẹ̀lú àyè òfìfo tí a fi àmì ìbéèrè dì mú, lẹ́yìn náà la ó wá fi ọ̀rọ̀ àlejò ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Dátábéèsì ti mọ àṣẹ tán kó tó gbọ́ orúkọ, nítorí náà kò sí ohun tí àlejò lè kọ tó máa di àṣẹ. Prepared statement ni wọ́n ń pè é, PDO àti mysqli, tí PHP fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ní i. Àwọn kan ń wá ọ̀nà mìíràn, wọ́n ń ka kọ́mà òkè léèwọ̀ nínú orúkọ. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń jẹ́ O'Brien kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kọ́mà, olè sì mọ ọ̀nà mìíràn tó yàtọ̀ sí ti kọ́mà. Wọ́n ti yọ àwọn iṣẹ́ mysql_ àtijọ́ kúrò nínú PHP 7.0 láti ọdún 2015, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ẹ̀kọ́ tó ń fi wọ́n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Àyẹ̀wò tí bráósà ń ṣe, pé àyè kan ṣófo tàbí pé íméèlì kò ní àmì @, ìrànlọ́wọ́ lásán ni fún ẹni tó wá tọkàntọkàn. Olè kò ní gba inú fọ́ọ̀mù yín kọjá rárá; ó lè bá sáfà sọ̀rọ̀ tààrà. Gbogbo ohun tí bráósà bá yẹ̀ wò ni sáfà gbọ́dọ̀ tún yẹ̀ wò. Ó tán níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló gba sùúrù, pàápàá fún àwa tí èdè wa ní àmì. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yẹn ni pé MySQL wọn ń fi ìlànà àkàwé tó máa ń bá MySQL 8.0 wá fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, utf8mb4_0900_ai_ci. Ìlànà yìí kò ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí ìyàtọ̀, kò sì ka àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ sí. Lójú rẹ̀, owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Fún orúkọ ìwọlé, mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ẹnìkan forúkọ sílẹ̀ ní Adéọlá kí ẹlòmíràn tún wá gba Adeola láti fi tan àwọn ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú SQL ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà wéra, ẹni tó fi Ọ̀wọ̀ ṣe aṣínà rẹ̀ kò mọ̀ pé OWO náà á ṣí i. Ìpín tó pọ̀ nínú agbára aṣínà náà ti dànù, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Ìṣòro kejì tí àmì ń fà fara pa mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ lẹ́tà é: lẹ́tà kan tó ti ní àmì lórí tẹ́lẹ̀, tàbí e lásán tí àmì tẹ̀ lé. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀. Nínú UTF-8, báìtì mẹ́rin ni Adé lọ́nà àkọ́kọ́, márùn-ún ni lọ́nà kejì. Bí fóònù ìyá kan bá ń kọ ọ́ lọ́nà kìíní tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sì ń kọ ọ́ lọ́nà kejì, aṣínà kan náà ti di méjì nìyẹn, tí wọ́n á sì máa sọ fún ìyá náà pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tí kò gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àjọ NIST ti Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 2017, fi gbani nímọ̀ràn pé kí a sọ ìkọsílẹ̀ Unicode di ọ̀kan ṣoṣo kí a tó ṣe ohunkóhun sí ọ̀rọ̀ aṣínà. PHP ní Normalizer fún un. Ìlà kóòdù kan péré ni. Síbẹ̀ kò gbà wá tán. Àwọn kan ń fi àmì róbótó sábẹ́ lẹ́tà ẹ, àwọn mìíràn ń fi ọ̀pá kékeré síbẹ̀, Unicode sì ka méjèèjì sí àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ìsọdọ̀kan kankan kì í pa pọ̀. Ẹni tó bá ń kọ ojú ìwé fún àwọn Yorùbá ló máa fúnra rẹ̀ mójú tó ìyẹn. Ẹlòmíràn kò ní ṣe é fún wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àníyàn àsọdùn nìyí. Ní 2013, Spotify ṣàlàyé bí ẹnìkan ṣe lè fi orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré orí òkè kọ, ᴮᴵᴳᴮᴵᴿᴰ, gba àkáǹtì ẹni tó ń jẹ́ bigbird. Ẹ̀rọ wọn sọ orúkọ náà di BIGBIRD nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó tún kọjá nínú ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ó di bigbird. Olè forúkọ sílẹ̀, ó ní òun gbàgbé aṣínà òun, aṣínà tuntun tí wọ́n gbà fún un sì bọ́ sórí àkáǹtì ẹlòmíràn. Ìlànà tó bá ń tún orúkọ ṣe gbọ́dọ̀ fúnni ní èsì kan náà bó ti wù kí a tún un ṣe tó.

Àṣìṣe kejì inú kóòdù ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni pé ó nílò kí aṣínà wà ní ìpamọ́ bó ṣe rí. Ìtàn rẹ̀ pẹ́. Ní MIT, níbi tí Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ CTSS, ètò tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ lo kọ̀ǹpútà kan, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, inú fáìlì kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wà. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Allan Scherr, ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì náà jáde sórí bébà fún òun, nítorí àkókò tí wọ́n fún un lórí kọ̀ǹpútà kò tó o. Ní 1966, àṣìṣe sọ́fútíwià kan pààrọ̀ fáìlì náà mọ́ fáìlì ìkíni ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó wọlé sì ń rí ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn. Kò sí olè kankan nínú ìyẹn. Ibi tí ohun ìkọ̀kọ̀ bá wà tí a lè kà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó kà á.

Ní Cambridge, láàárín àwọn ọdún 1960 yẹn náà, Roger Needham àti Mike Guy rí ọ̀nà àbáyọ: má ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ náà, lọ̀ ọ́ kúnná, kí o tọ́jú ìyẹ̀fun rẹ̀. A máa ń sọ iṣu di èlùbọ́, ṣùgbọ́n kò sí alágbára tó lè sọ èlùbọ́ di iṣu padà. Bí ẹnìkan bá dé tó ní òun mọ aṣínà, a ó lọ èyí tó mú wá náà, a ó sì fi ìyẹ̀fun wé ìyẹ̀fun. Hash ni orúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí títí dòní: pé sáfà lè dá ènìyàn mọ̀ láìmọ àṣírí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n olè náà lè ra iṣu, kó lọ̀ ọ́. Á kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò jọ, á lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì wo èyí tó jọ ti inú àtẹ. Robert Morris àti Ken Thompson ti Bell Labs kọ nípa èyí ní 1979. Wọ́n kó aṣínà 3,289 jọ, 2,831 nínú wọn, ìyẹn ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún, kúrú jù tàbí kí wọ́n wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tàbí àtòjọ orúkọ. Ohun méjì ni wọ́n ṣe sí i. Wọ́n mú kí lílọ̀ náà pẹ́, wọ́n sì bu iyọ̀ sí i, ìyẹn ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ ṣákálá kan, tó yàtọ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kún aṣínà kí a tó lọ̀ ọ́. Bí ènìyàn méjì bá tiẹ̀ ń lo aṣínà kan náà, ìyẹ̀fun wọn kò ní jọra, olè kò sì ní lè lọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó fi wá gbogbo ènìyàn.

Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ní 1979 yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàdánù lẹ́yìn ọdún 30. Nígbà tí wọ́n ja LinkedIn lólè ní 2012, hash SHA-1 tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n bá, mílíọ̀nù 6.5 ló kọ́kọ́ hàn síta, ní 2016 ni ayé wá mọ̀ pé mílíọ̀nù 117 ni. Ti Adobe ní 2013 dùn mí jù. Wọn kò lọ̀ ọ́ rárá. Ṣe ni wọ́n tì í pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, débi pé gbogbo aṣínà tó jọra ló ní àwòrán kan náà nínú àtẹ, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún fi ń rán ara rẹ̀ létí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbangba. Bí ẹnìkan bá fi orúkọ ajá rẹ̀ rán ara rẹ̀ létí, tí ẹlòmíràn tó ní àwòrán kan náà sì kọ orúkọ ajá náà sílẹ̀, kí ló tún kù láti yanjú?

Èyí tó yẹ kí a lò lónìí kò ṣòro láti mọ̀. Niels Provos àti David Mazières gbé bcrypt jáde ní 1999, èyí tí a lè mú kí lílọ̀ rẹ̀ máa pẹ́ sí i bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń yára sí i. Ní 2015, Argon2 ló borí nínú ìdíje lílọ̀ aṣínà tí àwọn onímọ̀ ṣe. Láti PHP 5.5, ọdún 2013, password_hash ń bu iyọ̀ fúnra rẹ̀, password_verify ń ṣe ìfiwéra. Kóòdù ìwọlé wá yí padà: orúkọ nìkan la ó fi wá ìlà, a ó mú hash rẹ̀ jáde, PHP ni yóò sì yẹ aṣínà wò. Dátábéèsì kò tún gbọ́ aṣínà mọ́. Ẹ fún òpó tí hash máa wà ní àyè 255. Hash bcrypt jẹ́ àmì 60; mo ti rí àtẹ tí wọ́n fún un ní 50, ó gé e, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé mọ́. Ẹ tún rántí pé bcrypt kì í ka ju báìtì 72 lọ. Báìtì 3 ni ọ, márùn-ún ni ọ̀. Ẹni tó bá fi gbólóhùn Yorùbá tó lámì kíkún ṣe aṣínà á dé ibi òpin yẹn kíákíá ju ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ, ohun tó bá sì kọ lẹ́yìn rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Argon2 kò ní ìdíwọ̀n kékeré báyìí.

Irú aṣínà wo ló yẹ kí ojú ìwé gbà? Ibí yìí ni mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn jù. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé ló ń fi dandan lé lẹ́tà ńlá kan, nọ́ńbà kan, àmì kan, kí a sì yí i padà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bill Burr ti NIST ló kọ ìlànà tí èyí ti wá ní 2003; ní 2017 ó sọ fún Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ṣe kò fara sin: Ibadan1! ní oṣù yìí, Ibadan2! ní oṣù mẹ́ta òní. Ìlànà NIST tuntun ti 2025 ka irú òfin àdàlù àmì bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ó ní kí a má fipá múni yí aṣínà padà àyàfi tí ẹ̀rí bá wà pé ó ti jáde síta, ó sì béèrè pé níbi tí aṣínà bá ti jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo, kó jẹ́ àmì 15 ó kéré tán. Gígùn ló ń gbani. Gbólóhùn kan tí ìyá àgbà máa ń sọ nílé yín, tí kò sí nínú ìwé kankan, lágbára ju Ibadan1! lọ fíìfíì, ó sì rọrùn láti rántí.

Kí a má sì ṣe gba àwọn aṣínà tó ti jáde síta. Troy Hunt, tó dá Have I Been Pwned sílẹ̀ ní 2013, ń jẹ́ kí ojú ìwé èyíkéyìí béèrè lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá aṣínà kan wà lára àwọn tí olè ti kó. Láti 2018, àmì márùn-ún àkọ́kọ́ nínú hash SHA-1 nìkan là ń fi ránṣẹ́. Wọ́n á dá gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà, sáfà wa á sì wá tiwa níbẹ̀. Ẹni tí a bi kò mọ ohun tí a ń wá.

Èsì tí ojú ìwé ń fọ̀ náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá ní "A kò mọ orúkọ yìí", tó tún ní "Aṣínà rẹ kò tọ́" fún ẹlòmíràn, ó ti sọ fún àlejò ẹni tó ń gbé nínú ilé. Èsì kan ṣoṣo ló yẹ: orúkọ tàbí aṣínà kò bá ara mu. Ìṣẹ́jú àáyá pàápàá ń sọ̀rọ̀. Bí orúkọ kò bá sí tí kóòdù sì yára dáhùn láìlọ ohunkóhun, ẹni tó ń ka àkókò ti mọ̀. Kí sáfà lọ ìyẹ̀fun kan lásán ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí èsì méjèèjì lè pẹ́ bákan náà.

Fífi òpin sí iye ìgbà tí ènìyàn lè gbìyànjú dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìyà fún aláìṣẹ̀. Bí ìgbìyànjú márùn-ún bá ti àkáǹtì pa pátápátá, ọ̀tá mi lè máa tì mí síta lójoojúmọ́. Bí a bá sì fi àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì nìkan dènà, ilé iṣẹ́ fóònù sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan. Ìwà ẹnìkan á di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo àdúgbò. Kí ìdúró máa gùn díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, lórí orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì pa pọ̀, ni mo rí pé ó gbéṣẹ́ jù.

Ìbéèrè ìdánimọ̀ fún ẹni tó gbàgbé, mo fẹ́ kí a pa á tì. "Kí ni orúkọ bàbá ìyá rẹ?" Nílẹ̀ Yorùbá! Gbogbo agboolé ló mọ̀ ọ́n, akígbe ibi ìnáwó mọ̀ ọ́n, ó wà lára pátákó ìsìnkú. Kí a fi líǹkì tó máa kú láàárín wákàtí kan ránṣẹ́ sí íméèlì, tí a lè lò lẹ́ẹ̀kan péré, kí a sì lọ̀ ọ́ nínú àtẹ bí a ṣe ń lọ aṣínà.

Ibi kan kù tí aṣínà máa ń sá pamọ́ sí: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ sáfà. Ní oṣù Karùn-ún 2018, Twitter ní kí àwọn oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n tó mílíọ̀nù 330 yí aṣínà wọn padà, nítorí sọ́fútíwià wọn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Facebook jẹ́wọ́ irú rẹ̀ ní 2019. Àwọn méjèèjì ló mọ bcrypt tàbí irú rẹ̀ dáadáa. Òfin ti wà nílé wa náà: láti oṣù Kẹfà 2023 ni òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti ń béèrè pé kí ẹni tí dátà àwọn ẹlòmíràn jáde lọ́wọ́ rẹ̀, tí ewu sì wà nínú rẹ̀ fún wọn, fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí 72. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ yẹn, ohun tó ń dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ wá hàn sí mi. Òpó aṣínà wọn kò gbà ju àmì 20 lọ, wọ́n sì ti pa ìlànà tó máa ń mú kí MySQL kígbe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gùn jù. Ó ń gé e láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ẹsẹ Sáàmù, ẹni tó ṣọ́ra jù nínú gbogbo wọn, lòun gan-an kò lè wọlé.

A pa òpó náà rẹ́, títí kan ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́, a fi hash rọ́pò rẹ̀, a sì ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yan aṣínà tuntun. Akọ̀wé fúnra wọn ló pe àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti lo aṣínà àtijọ́ yẹn níbòmíràn, kí wọ́n lọ yí i padà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí a parí, akọ̀wé bi mí pé, "Bí mo bá wá gbàgbé èyí tuntun, ṣé wàá bá mi wò ó?"

Mo ní, "Rárá, bàbá. Èmi náà kò lè rí i mọ́."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n yọ fóònù wọn jáde, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n fi ọwọ́ òsì bo ojú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.